Ipa Ará Ìlú Nínú Ìdàgbàsókè Ìgbèríko: Ìgbésí-Ayé Olóyè Michael Adékúnlé Ajásin (1908–1997)

Bí wọ́n bá dárúkọ Olóyè Michael Adékúnlé Ajásin láwùjọ, ọ̀rọ̀ òṣèlú ni ó máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn: Ẹgbẹ́ Ìmọ́lẹ̀, ìdìbò ọdún 1983 tí ó di ogun ní ìpínlẹ̀ Òǹdó, àti ìjàkadì NADECO pẹ̀lú ìjọba ológun. Òtítọ́ ni gbogbo ìwọ̀nyí. Ṣùgbọ́n olùkọ́ ni Ajásin kí ó tó di olóṣèlú. Kí ó sì tó di gómìnà, ó ti lo ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kan tí ó jẹ́ pé ìlú ni ó dá a sílẹ̀, tí kì í ṣe ìjọ Ọlọ́run. Ìhà yìí nínú ìtàn rẹ̀ kì í sábà gba àfiyèsí bí ó ti yẹ, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni gbòǹgbò ohun tí ó ṣe nígbà tí agbára dé ọwọ́ rẹ̀ wà.

Ìbéèrè kan ni ó la ayé ọkùnrin yìí já. Nígbà tí ìjọba bá ní kí ará abúlé wá kópa nínú ìdàgbàsókè abúlé rẹ̀, kí ni ó ń fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an? Ṣé èjìká tí yóò fi ru yẹ̀pẹ̀ àti omi ni, àbí ẹnu tí yóò fi dá sí ìmọ̀ràn? Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, kànga àti ilé ìwòsàn tí ó ti di ahoro ní ìgbèríko ilẹ̀ Yorùbá ni ó jẹ́ pé èjìká ni wọ́n fi kọ́ ọ, tí wọn kò bi ẹnu léèrè.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé ni yékéyéké, ó dára láti kọ́kọ́ wo irú ibi tí ó kàn jù lọ. Ìyànsàn ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ jẹ́ àpẹẹrẹ kan. Ó wà ní agbègbè tí Òkìtìpupa jẹ́ ibùjókòó ìjọba rẹ̀ láti ayé àwọn Òyìnbó amúnisìn, ní apá gúúsù ilẹ̀ tí ó wá di ìpínlẹ̀ Òǹdó. Ilẹ̀ igbó àti odò ni ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Òjò ibẹ̀ pọ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà wọ́ọ́rọ́wọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn lè di ẹrẹ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ̀gẹ́ àti púpurú tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe, epo pupa àti rọ́bà ni wọ́n ń gbé gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ lọ sí ọjà. Bí ọ̀nà bá gé, ẹrù kò dé ọjà. Bí ẹrù kò bá dé ọjà, owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ kò wọlé. Kò sí ẹni tí ó nílò kí àjèjì wá ṣàlàyé fún un níbẹ̀ pé ọ̀nà ṣe pàtàkì.

Bí àwọn ará irú ìlú bẹ́ẹ̀ ṣe ń tún ìlú wọn ṣe látijọ́ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ ìgbèríko Yorùbá. Ọ̀wẹ̀ wà, níbi tí ẹni tí ó ní iṣẹ́ yóò ti ké sí àna, ọ̀rẹ́ àti aládùúgbò, tí yóò sì pèsè oúnjẹ àti ẹmu. Àáró wà, níbi tí àwọn àgbẹ̀ mélòó kan yóò ti máa ṣiṣẹ́ lóko ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi kárí. Iṣẹ́ ìlú yàtọ̀ sí méjèèjì. Ọba àti àwọn ìjòyè ni yóò pe ìpàdé. Wọn yóò jíròrò. Agogo yóò ro. Wọn yóò sì pín ojú ọ̀nà tàbí etí odò tí wọ́n fẹ́ tún ṣe fún àdúgbò kọ̀ọ̀kan tàbí fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ní apá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá, àwọn ẹgbẹ́ ọjọ́-orí lágbára púpọ̀ nínú irú iṣẹ́ yìí. Ẹni tí kò bá jáde yóò san owó ìtanràn. Ojúkorojú ni wọ́n ti ń pín iṣẹ́ náà, ojúkorojú ni wọ́n sì ti ń gba owó ìtanràn, nítorí náà kò sí ẹni tí ó lè sọ pé òun kò mọ ibi tí agbára òun lọ.

Nígbà tí àwọn amúnisìn dé, wọ́n bá àṣà yìí nílẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ di àṣẹ. Ajẹ́lẹ̀ a ránṣẹ́ sí ọba, ọba a ránṣẹ́ sí baálẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ a sì jáde lọ la títì tí wọn kò dá sí ìpinnu rẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni àwọn amúnisìn fúnra wọn wá ń polongo pé kí ará ìlú máa dá ìdàgbàsókè ṣe. Ní Udi, ní ilẹ̀ Ìgbò, E. R. Chadwick tí ó jẹ́ aláṣẹ agbègbè náà gba àwọn abúlé níyànjú láti la ọ̀nà, kí wọ́n sì kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ àti ilé ìgbẹ̀bí fúnra wọn. Fíìmù tí wọ́n ṣe nípa rẹ̀ ní ọdún 1949, Daybreak in Udi, gba ẹ̀bùn Oscar ní Amẹ́ríkà. Orúkọ fíìmù náà ń sọ pé ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ní Udi, bí ẹni pé òru ni gbogbo ayé wọn tẹ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kí fíìmù náà tó jáde, àwọn ẹgbẹ́ onítẹ̀síwájú ti gbilẹ̀ káàkiri gúúsù Nàìjíríà. Àwọn ọmọ ìlú tí ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, Ìbàdàn àti ibòmíràn a máa dá owó jọ lóṣooṣù, wọn a sì fi ránṣẹ́ sílé fún ilé-ẹ̀kọ́, ilé ìfìwéránṣẹ́ tàbí ọ̀nà. Ìrú àkókò yìí ni Ajásin dàgbà sí.

Ìlú Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 28, oṣù Kọkànlá, ọdún 1908. Láàrin ọdún 1924 sí 1927 ó wà ní St. Andrew's College, Ọ̀yọ́, ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni tí ìjọ C.M.S. dá sílẹ̀ ní 1896. D. O. Fágúnwà náà gba ilé-ẹ̀kọ́ yìí kọjá ní apá ìparí àwọn ọdún 1920. Kò jọni lójú pé ilé-ẹ̀kọ́ kan náà ni ó mú òǹkọ̀wé àti gómìnà jáde, nítorí pé iṣẹ́ olùkọ́ ní ayé ìgbà náà kọjá ká dúró níwájú pátákó. Ẹni tí ó bá jáde ní St. Andrew's tí wọ́n sì rán lọ sí abúlé, òun ni yóò máa ka lẹ́tà ìjọba fún baálẹ̀, òun ni akọ̀wé ìpàdé, òun ni yóò máa kọ iye tí olúkúlùkù dá fún páànù ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Bí ìwé owó bá dà rú, òun ni wọn yóò bi. Ìdí nìyí tí àwọn olùkọ́ fi pọ̀ láàrin àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ onítẹ̀síwájú àti ẹgbẹ́ òṣèlú sílẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Wọn kò kọ́ òṣèlú nínú ìwé. Ìdí tábìlì tí wọ́n ti ń ka owó ìdáwó ìlú ni wọ́n ti kọ́ ọ.

Ajásin ṣe iṣẹ́ olùkọ́ báyìí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọjọ́ 12, oṣù Kìíní, ọdún 1939, ó gbé Babáfúnkẹ́ Tenuye níyàwó, olùkọ́ ni òun náà; ọmọ mẹ́rin, ọkùnrin méjì àti obìnrin méjì, ni Ọlọ́run fi ta wọ́n lọ́rẹ. Ní 1943, nígbà tí ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti rò pé ìwé kíkà ti parí, ó wọkọ̀ ojú omi lọ sí Fourah Bay College ní Sierra Leone. Ó gba oyè ibẹ̀ ní 1946. Láti ibẹ̀ ó gba Lọ́ńdọ̀nù lọ, ó sì gba ìwé-ẹ̀rí nínú ìmọ̀ olùkọ́ni ní Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù Kẹfà, ọdún 1947. Ó ti súnmọ́ ẹni ogójì ọdún.

Ọ̀nà pọ̀ níwájú ẹni tí ó ní irú ìwé-ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà ọdún 1947. Iṣẹ́ ìjọba ń wá irú wọn. Ọ̀wọ̀ ni Ajásin padà sí. Ní ọjọ́ 12, oṣù Kẹsàn-án, ọdún náà, ó di ọ̀gá Imade College.

Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ olùkọ́ni dúró díẹ̀ lórí ohun tí Imade College jẹ́. Ní àkókò náà, ọwọ́ ìjọ Ọlọ́run ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama ilẹ̀ Yorùbá wà. Ti ìjọba kò tó nǹkan. Ìlú tí kò bá ní ọ̀kan, kí àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí Òǹdó, Ìbàdàn tàbí Èkó, tàbí kí wọ́n padà sóko. Ọ̀wọ̀, lábẹ́ Ọlọ́wọ̀ Olátẹ́rù Ọlágbẹ̀gí Kejì tí ó gorí ìtẹ́ ní 1941, pinnu pé òun kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ilé-ẹ̀kọ́ girama yàtọ̀ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n lè fi amọ̀ àti koríko kọ́ láàrin oṣù mẹ́ta. Ó ń fẹ́ yàrá ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, ibùsùn akẹ́kọ̀ọ́, ìwé, àti olùkọ́ tí ó gba oyè, tí owó oṣù rẹ̀ kò gbọdọ̀ pẹ́. Ìlú tí ó bá dá a sílẹ̀ ti gba ẹrù tí kò ní í sọ̀ kalẹ̀ lórí rẹ̀ mọ́.

Olùkọ́ ni ìṣòro tí ó le jù. Àwọn tí ó gba oyè kò tó lórílẹ̀-èdè, owó tí ilé-ẹ̀kọ́ ìlú sì lè san kò lè bá ti ìjọba dọ́gba. Ọ̀nà tí Ajásin gbà yanjú rẹ̀ ni ó fi ọgbọ́n rẹ̀ hàn jù lọ. Dípò kí ó máa fi gbogbo ọdún wá olùkọ́ kiri, ó yan mẹ́jọ nínú àwọn olùkọ́ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, ó sì ṣètò bí wọn yóò ṣe lọ gba ẹ̀kọ́ sí i ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1948. Ewu wà nínú ohun tí ó ṣe. Ẹni tí ìlú bá rán lọ kàwé lè má padà. Láàrin ìgbà tí wọ́n sì lọ, àwọn tí ó kù ni yóò ru ẹrù iṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n Ajásin mọ̀ pé ilé tí ìlú fi sìmẹ́ńtì kọ́ kò tíì di ilé-ẹ̀kọ́ títí ìlú yóò fi kọ́ àwọn ènìyàn pẹ̀lú. Nínú gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, èyí gan-an ni ó yẹ kí wọ́n máa kọ́kọ́ dárúkọ, ju ipò gómìnà lọ pàápàá.

Ní ọjọ́ 28, oṣù Kẹrin, ọdún 1951, ní Ọ̀wọ̀, ni wọ́n ti kéde Action Group, ẹgbẹ́ tí àwọn ènìyàn wá ń pè ní Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, fún gbogbo ayé. Ajásin wà lára àwọn tí ó dá a sílẹ̀, ó sì di igbákejì ààrẹ ẹgbẹ́ náà lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn. Ìwé tí ó kọ lórí ètò ẹ̀kọ́ ni ó di ìpìlẹ̀ ìlànà ẹgbẹ́ náà lórí ẹ̀kọ́: pé kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lè kàwé láìsan owó. Nígbà tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ di olórí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, Stephen Awókòyà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, gbé àbá náà síwájú ilé ìgbìmọ̀ ní oṣù Keje, ọdún 1952. Ní ọjọ́ 17, oṣù Kìíní, ọdún 1955, ètò náà bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí iye wọn jẹ́ bí 457,000 ní 1954 di 811,000 lẹ́ẹ̀kan náà.

Ibi tí wọn yóò jókòó sí ni ó mú ọ̀rọ̀ abúlé wọ inú rẹ̀. Kò sí ìjọba tí ó lè dá kọ́ gbogbo yàrá ìkàwé tí iye ọmọ bẹ́ẹ̀ nílò láàrin ọdún méjì. Abúlé ni ó fi ilẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ọkùnrin gé igi, wọ́n po amọ̀. Àwọn obìnrin àti ọmọdé pọn omi. Káfíńtà abúlé kan òrùlé. Ìjọba mú owó ìrànwọ́ àti owó oṣù olùkọ́ wá. Láti ilẹ̀ Ẹ̀gbádò dé ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó wà títí di òní ni ó ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìtàn náà ní apá kan tí àwọn olùyìn Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ kì í fẹ́ sọ. Láti rí owó fún ẹ̀kọ́ àti ìlera, ìjọba bu owó orí kan, ṣílè mẹ́wàá àti kọ́bọ̀ mẹ́fà, lé ẹnì kọ̀ọ̀kan tí ó ń san owó orí. Ariwo ta. Nínú ìdìbò àpapọ̀ ọdún 1954, Ẹgbẹ́ Alákùkọ fẹ̀yìn Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ gbálẹ̀ nínú Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn tí Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ń ṣàkóso fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ owó náà sì wà lára ohun tí ó fà á. Ajásin wọlé sí Ilé Aṣojú-ṣòfin ní Èkó nínú ìdìbò yẹn gan-an, nítorí náà ojú rẹ̀ ni ó ṣe.

Àwọn kan sọ pé àìmọ̀kan ni ó mú àwọn ènìyàn kọ owó náà. Àlàyé yìí kò tó. Ní àkókò kan náà tí àgbẹ̀ ń kọ ṣílè mẹ́wàá àti kọ́bọ̀ mẹ́fà, ó ń dá owó páànù, ó sì ń fi ọjọ́ oko rẹ̀ po amọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ abúlé rẹ̀. Ohun kan náà ni ó ń ná owó lé lórí. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ó ń rí páànù náà lókè orí ọmọ rẹ̀, ó wà ní ìpàdé tí wọ́n ti dá iye rẹ̀ lé, ó sì mọ ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Owó orí lọ sí Ìbàdàn, ìwé rìsíìtì nìkan ni ó padà wá. Wọ́n ti bèèrè èjìká rẹ̀, wọn kò bèèrè ẹnu rẹ̀.

Kì í ṣe Èkó nìkan ni Ajásin ti ṣe òṣèlú. Ó ṣe káńsẹ́lọ̀, ó sì di alága ìgbìmọ̀ agbègbè Ọ̀wọ̀, tí ó kó Ìdáṣẹ̀n, Ẹmùrẹ̀-Ilé, Ìpẹ̀lẹ́, Àrìmọ̀gìjà, Ute àti Òkèlúṣe mọ́ra. Iṣẹ́ káńsù kò ní ògo. Ọ̀rọ̀ kànga, ọjà, afárá onípákó àti ẹjọ́ ààlà ni. Síbẹ̀, kò sí ibi tí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ti lè mọ̀ dájú ju ibẹ̀ lọ pé abúlé kékeré máa ń bínú bí ìlú ńlá bá gba gbogbo nǹkan.

Ní oṣù Karùn-ún, ọdún 1962, rògbòdìyàn Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ mú kí ìjọba àpapọ̀ kéde ètò pàjáwìrì ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Ìyapa náà wọ inú ìlú kọ̀ọ̀kan, Ọ̀wọ̀ kò sì yọ sílẹ̀. Ní oṣù Kejìlá, ọdún náà, Ajásin fi Imade College sílẹ̀. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, January 1963, ó dá Owo High School sílẹ̀, ó sì jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ títí di oṣù Kẹjọ, ọdún 1975. Èyí kì í ṣe ilé-ẹ̀kọ́ ìlú mọ́, tirẹ̀ ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ìjà òṣèlú ṣe lè ba iṣẹ́ ìlú jẹ́, kí ó wo ọkùnrin tí ó ti fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ìlú rẹ̀, tí ó wá bẹ̀rẹ̀ òmíràn láti ìpìlẹ̀ nínú ìlú kan náà nígbà tí ó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún.

Láàrin àwọn ọdún 1970 ni àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ gba àwọn ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ àwọn ìjọ àti àwọn ìlú. Ní oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1976, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ káàkiri orílẹ̀-èdè. Ohun tí ó dára ni, nítorí owó oṣù olùkọ́ dúró lójú kan, ọmọ abúlé sì ní ẹ̀tọ́ kan náà pẹ̀lú ọmọ ìlú ńlá. Ṣùgbọ́n ohun kan sọnù lójijì. Bí atẹ́gùn bá ṣí òrùlé ilé-ẹ̀kọ́ tẹ́lẹ̀, agogo a ro, wọn a sì tún un kàn. Lẹ́yìn tí wọ́n ti gba ilé-ẹ̀kọ́, lẹ́tà ni wọ́n ń kọ sí olú-ìlú. Òjò a sì máa rọ̀ sórí àwọn ọmọ títí èsì lẹ́tà yóò fi dé.

Ọdún 1976 náà ni wọ́n dá ìpínlẹ̀ Òǹdó sílẹ̀, tí Èkìtì ṣì wà nínú rẹ̀. Òun ni wọ́n sì tún ètò ìjọba ìbílẹ̀ tò. Ajásin di alága ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀wọ̀. Ní ọjọ́ 1, oṣù Kẹwàá, ọdún 1979, ó di gómìnà ìpínlẹ̀ náà lábẹ́ Ẹgbẹ́ Ìmọ́lẹ̀, ìyẹn UPN. Ohun mẹ́rin ni ẹgbẹ́ náà ṣèlérí: ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní gbogbo ìpele, ìwòsàn ọ̀fẹ́, iṣẹ́ fún gbogbo ènìyàn, àti ìdàgbàsókè ìgbèríko. Àwọn ará ìlú rántí méjì àkọ́kọ́ dáadáa. Èyí tí ó kẹ́yìn ni wọn kì í sábà sọ̀rọ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun ni ó ru àwọn yòókù.

Lójú ọmọ tí ó wà ní Ìyànsàn tàbí ní abúlé mìíràn ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, kí ni àǹfààní ẹ̀kọ́ girama ọ̀fẹ́ bí ilé-ẹ̀kọ́ girama tí ó súnmọ́ ọn jù bá jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè fẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀? Ọ̀nà tí àwọn ìjọba Ẹgbẹ́ Ìmọ́lẹ̀ gbà dáhùn ni pé kí àwùjọ tí ó bá fẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ fi ilẹ̀ sílẹ̀, kí ó kọ́ àwọn yàrá àkọ́kọ́. Ìjọba yóò fi olùkọ́ ránṣẹ́, yóò sì máa san owó wọn. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí ọ̀rọ̀ Community wà nínú orúkọ wọn pọ̀ sí i ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn. Ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ di ibi tí wọ́n ti ń jíròrò àga, tábìlì àti búlọ́ọ̀kù. Ìlànà náà kì í ṣe tuntun fún ọkùnrin tí ó ti ṣe ọ̀gá Imade College. Ó mọ ohun tí ìlú lè ṣe bí wọ́n bá jẹ́ kí ó sọ ohun tí ó fẹ́.

Irú ètò yìí kò mọ sí Nàìjíríà. Ní Kenya, lẹ́yìn òmìnira 1963, Jomo Kenyatta fi igbe harambee, tí ó túmọ̀ sí pé kí gbogbo ènìyàn jọ fà á, pe àwọn abúlé láti kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama. Wọ́n kọ́ wọn lọ́pọ̀lọpọ̀. Ìṣòro tí ó bá wọn fínra níbẹ̀ ni ó bá ìpínlẹ̀ Òǹdó náà: ó rọrùn láti kọ́ ilé ju láti rí olùkọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì lọ. Abúlé méjì tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan ara wọn a máa fẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí iyì, nítorí ìjà ààlà àtijọ́, tàbí nítorí pé ọmọ wọn kò gbọdọ̀ lọ jókòó lábẹ́ igi abúlé kejì. Òṣèlú kì í sì lè sọ pé rárá. Bí owó epo rọ̀bì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀ láti 1981, ó nira fún àwọn ìpínlẹ̀ láti san owó oṣù olùkọ́ déédéé. Àwọn alátakò Ajásin sọ pé ó ṣí ilé-ẹ̀kọ́ ju agbára ìpínlẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ wọn kò ṣeé dà nù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi ọmọ tí ó kàwé ní yàrá tí kò ní ilẹ̀kùn wé ọmọ tí kò kàwé rárá, yóò mọ ìdí tí àwọn ará ìgbèríko kò fi bá wọn gbè.

Ní àwọn ipele tí ó ga, ìjọba rẹ̀ dá yunifásítì ìpínlẹ̀ sílẹ̀ ní Adó-Èkìtì ní 1982. Ìpínlẹ̀ náà ti ní ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe ní Ọ̀wọ̀ láti 1979.

Ìdìbò oṣù Kẹjọ, ọdún 1983, ni ó da gbogbo rẹ̀ rú. Akin Ọmọbórìówó, tí ó ti jẹ́ igbákejì Ajásin kí ó tó lọ sí ẹgbẹ́ NPN, ni àjọ elétò ìdìbò kéde pé ó borí. Ìpínlẹ̀ náà gbiná. Wọ́n sun ilé, wọ́n pa ènìyàn. Ọláìyá Fágbàmígbé, atẹ̀wétà Àkúrẹ́ tí ọ̀pọ̀ ìwé Yorùbá ti ilé-iṣẹ́ rẹ̀ jáde, wà lára àwọn tí wọ́n pa. Àdánù rẹ̀ ṣì ń dun àwọn olùkọ́ èdè Yorùbá. Ilé-ẹjọ́ dá ipò gómìnà padà fún Ajásin. Ohun tí ilé-ẹjọ́ kò lè dá padà ni ẹ̀mí àti ìrẹ́pọ̀. Ènìyàn tí ó sun ilé ara wọn kì í tètè jókòó ní ìpàdé kan náà láti jíròrò kànga.

Ní ọjọ́ 31, oṣù Kejìlá, ọdún náà, àwọn ológun gbàjọba. Wọ́n ti Ajásin mọ́lé. Ilé-ẹjọ́ ológun tí ó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ dá a láre, síbẹ̀ wọn kò tètè tú u sílẹ̀. Nígbà tí ó jáde, Ọ̀wọ̀ ni ó padà sí, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣe ní 1947.

Ọjọ́ ogbó kò fún un ní ìsinmi. Ní 1994 ó di olórí NADECO, àjọ tí ó ń bèèrè pé kí ìjọba ológun Ábáshà bọ̀wọ̀ fún èsì ìdìbò ọjọ́ 12, oṣù Kẹfà, ọdún 1993. Ní 1995, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 86, àwọn agbófinró mú un ní ilé rẹ̀ ní Ọ̀wọ̀ pẹ̀lú àwọn tí ó wá ṣe ìpàdé lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 3, oṣù Kẹwàá, ọdún 1997. Ábáshà ṣì wà lórí àlééfà. Èkìtì ti di ìpínlẹ̀ ọ̀tọ̀ ní ọdún kan ṣáájú, ó sì mú yunifásítì tí ó wà ní Adó-Èkìtì lọ. Èyí tí ìpínlẹ̀ Òǹdó dá sílẹ̀ lẹ́yìn náà ní Àkùngbá-Àkókó ni ó ń jẹ́ orúkọ Adékúnlé Ajásin lónìí.

Láti 2009, ètò ìdàgbàsókè àwùjọ kan tí Báǹkì Àgbáyé ṣe ìrànwọ́ fún wọ àwọn ìpínlẹ̀ kan ní Nàìjíríà, Òǹdó sì wà lára wọn. Òfin rẹ̀ ni pé kí àwọn ará abúlé fúnra wọn pe ìpàdé, kí wọ́n yan ohun tí wọ́n fẹ́, ì báà ṣe ọ̀nà, ilé-ẹ̀kọ́, omi tàbí ilé ìwòsàn, kí wọ́n yan ìgbìmọ̀ tí yóò máa tọ́jú ìwé owó, kí wọ́n sì dá ìdá kan nínú owó náà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ètò náà a máa lọ láti abúlé dé abúlé láti ṣàlàyé ìlànà yìí. Ní ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n dé, àgbàlagbà tí ó ti po amọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ní 1954 ṣì wà níbẹ̀ tí ó ń tẹ́tí sí wọn.